Àyà Obìnrin Nínú Jíìmù: Láti Ara Ògiri Dé Abẹ́ Ọ̀pá Irin

Ẹ wọ jíìmù ní Ìbàdàn tàbí Èkó nírọ̀lẹ́, kí ẹ wo ibi tí àwọn obìnrin dúró sí. Ẹ ó rí wọn lórí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń sáré lójú kan, ẹ ó rí wọn níbi squat, ìyẹn lílóṣòó àti dídìde pẹ̀lú irin, ẹ ó rí wọn níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ìdí. Bẹ́ńṣì tí wọ́n ti ń ti irin sókè, ọkùnrin ló máa ń kún ibẹ̀. Bí ẹ bá béèrè ìdí, èsì mẹ́rin ló wọ́pọ̀: pé eré àyà á sọ àwọn di ọkùnrin, pé ọmú á gbẹ, pé àwọn ò lágbára rẹ̀, pé kóòṣì ò fún àwọn ṣe.

Nínú mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ̀kẹta nìkan ló fẹ́ jọ òótọ́, òun náà kì í sì í ṣe bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ibi tí wọ́n ti mú wọn bẹ̀rẹ̀ ló ga jù. Ẹni tí kò ti nǹkan kan rí láyé ni wọ́n ní kó lọ ṣe push-up nílẹ̀ (kó na ara, kó fi ọwọ́ méjèèjì ti ara rẹ̀ dìde), bẹ́ẹ̀ push-up ilẹ̀ yẹn tó nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìwọ̀n ara ẹni. Bí kì í bá ṣe ìyẹn, ọ̀pá 20 kílò ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́. Ó gbìyànjú, kò dìde, ojú tì í, ó padà sórí ẹ̀rọ ìsáré. Ìbẹ̀rẹ̀ yẹn ni ìtọ́sọ́nà yìí fẹ́ tún ṣe.

Ohun tó wà lábẹ́ ọmú

Iṣan àyà ńlá wà lọ́tùn-ún àti lósì. Ó ti ara eegun àárín àyà àti eegun tó wà nísàlẹ̀ ọrùn wá, ó sì lọ so mọ́ eegun apá lókè. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó ti nǹkan síwájú, kó sì gbá apá mọ́ra. Òun ló ń ṣiṣẹ́ bí ẹ bá ń ti mọ́tò tó kú sójú ọ̀nà, bí ẹ bá ń ti géètì irin, tàbí bí ẹ bá fi ọwọ́ méjèèjì ti ara yín dìde nílẹ̀.

Orí iṣan yìí ni ọmú jókòó sí. Ọ̀rá ni ọmú, pẹ̀lú ẹṣẹ́ tó ń ṣe omi ọmú àti àwọn okùn tín-ín-rín tó gbé e dúró. Kò sí iṣan tí a lè kọ́ nínú ọmú fúnra rẹ̀. Nítorí náà, push-up kò lè mú ọ̀rá kúrò nínú ọmú. Ohun tó ń dín ọmú kù ni kí gbogbo ara fọn, ì báà jẹ́ nípa sísáré, ààwẹ̀ tàbí àìsàn. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ eré àyà tí ẹ wá rí i pé ọmú ń kéré, oúnjẹ yín ni kí ẹ yẹ̀ wò, ẹ fi bẹ́ńṣì sílẹ̀.

Ìdí kan náà ni kò fi lè gbé ọmú tó ti rọ̀ dìde. Iṣan abẹ́ rẹ̀ lè nípọn sí i, kí òkè àyà sì kún díẹ̀, àmọ́ awọ àti okùn tó ti fà kò ní padà sí bó ṣe wà. Ẹni tó bá ní push-up 50 lójoojúmọ́ á sọ ọmú yín di ti ọmọ ogún ọdún, ọjà ló ń tà.

Ní ti pé obìnrin á dà bí ọkùnrin: họ́móònù testosterone, èyí tó ń jẹ́ kí iṣan tóbi, wà lára ọkùnrin tó ti bàlágà ní ìlọ́po tó ju 10 lọ sí ti obìnrin. Agbára obìnrin á pọ̀ sí i dáadáa, iṣan rẹ̀ á le, èjìká rẹ̀ á dúró, ṣùgbọ́n títóbi bíi ti ọkùnrin kì í dédé dé. Àwọn obìnrin oníṣan tí fọ́tò wọn ń bà yín lẹ́rù ti fi ọ̀pọ̀ ọdún gbé irin tó wúwo, wọ́n ń wọn oúnjẹ wọn, àwọn kan nínú wọn sì lo oògùn. Kì í ṣe sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta (sẹ́ẹ̀tì kan ni iye ìgbà tí ẹ ṣe eré kan léraléra kí ẹ tó sinmi) lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ló sọ wọ́n dà bẹ́ẹ̀.

Ibi tó pa mí lẹ́rìn-ín nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé bench press, ìyẹn fífẹ̀yìn lélẹ̀ lórí bẹ́ńṣì láti ti ọ̀pá irin sókè, nìkan ni eré tí wọ́n fi ń díje nínú gbígbé irin ní Paralympics, ìdíje àgbáyé àwọn aláàbọ̀ ara, àwọn obìnrin Nàìjíríà sì wà lára àwọn tó mọ̀ ọ́n jù láyé. Lucy Ejike gba wúrà ní Athens lọ́dún 2004, ó gbà á ní Beijing lọ́dún 2008, ó tún gbà á ní Rio lọ́dún 2016. Ní Paris lọ́dún 2024, Onyinyechi Mark gbé 150 kílò ní ìsọ̀rí àwọn tí kò ju 61 kílò lọ. Fọláṣadé Olúwafẹ́miayọ̀ gbé 167 kílò ní ìsọ̀rí 86 kílò, ìyẹn sì di ìwọ̀n tó ga jù lágbàáyé ní ìsọ̀rí náà nígbà náà. Síbẹ̀, nílùú kan náà ni kóòṣì ti ń sọ fún obìnrin pé bẹ́ńṣì kì í ṣe tiwọn.

Kọ́mú àti irinṣẹ́

Kọ́mú oníwáyà kò dára fún bẹ́ńṣì, torí wáyà rẹ̀ a máa gún ìhà bí ẹ bá ti fa èjìká sẹ́yìn. Kọ́mú eré ìdárayá ni kí ẹ rà. Ibi tó yí ìhà ká ló yẹ kó gbé ọmú, kì í ṣe okùn èjìká. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò báyìí: ìka méjì gbọ́dọ̀ lè wọ abẹ́ rẹ̀, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ wá na ọwọ́ méjèèjì sókè. Bó bá gòkè tẹ̀lé ọwọ́, ó tóbi. Bí okùn èjìká bá ń fa ilà sára yín, abẹ́ rẹ̀ ló tú. Ẹni tí ọmú rẹ̀ tóbi, èyí tó ní ilé ọ̀tọ̀ fún ọmú kọ̀ọ̀kan sàn ju èyí tó kàn tẹ méjèèjì pọ̀ mọ́ àyà lọ. Bí ẹ bá ti ṣe tán, ẹ bọ́ ọ, kí ẹ nu abẹ́ ọmú gbẹ. Kọ́mú tó rin fún òógùn tí ẹ wọ̀ délé nínú gòsílóò, abẹ́ ọmú á bó, á sì máa yún yín.

Ẹni tó ń wọ híjáàbù, kó ki etí rẹ̀ bọ inú ẹ̀wù, kó má sì fi píìnì síwájú àyà níbi tí ọ̀pá máa bà.

Kò pọn dandan kí ẹ lọ sí jíìmù. Ike omi lítà kan àbọ̀ jẹ́ kílò kan àbọ̀. Bí ẹ bá fi yanrìn gbígbẹ kún un, á lé ní kílò méjì dáadáa. Kẹ́ẹ̀gì lítà 5 tó kún fún omi jẹ́ nǹkan bíi kílò 5. Pure water kan jẹ́ ìdajì kílò, odidi báàgì rẹ̀ tó ní 20 nínú jẹ́ kílò 10. Ẹ ó rí i níwájú pé èyí wúlò ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Push-up: ẹ jẹ́ kí ọwọ́ máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀

Bí ibi tí ọwọ́ yín wà bá ṣe ga tó, bẹ́ẹ̀ ni push-up á ṣe fúyẹ́ tó. Nítorí náà, ipele márùn-ún ni ẹ ó gbà: ògiri; tábìlì tàbí kántà ilé ìdáná (nǹkan bí 90 sẹ̀ǹtímítà); etí bẹ́ẹ̀dì tó le tàbí àga onígi (sẹ̀ǹtímítà 45 sí 50); àtẹ̀gùn ilé (sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20); lẹ́yìn náà, ilẹ̀.

Ọ̀pọ̀ kóòṣì á ní kí obìnrin kúnlẹ̀ ṣe é. Kò burú, nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n ara ló gbà. Àmọ́ kíkúnlẹ̀ ń jẹ́ kí ìdí sá sẹ́yìn, ikùn kì í kọ́ bó ṣe ń gbé ara ró, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ lórí eékún sì lè wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Ọwọ́ tó ga, ara tó nà gbọnrangandan, ìyẹn ni mo fara mọ́.

1. Ẹ yẹ ohun tí ẹ fẹ́ fọwọ́ lé wò. Tábìlì gbọ́dọ̀ fara ti ògiri. Àga oníke kò dára rárá, á yọ̀ lọ, ojú yín ló sì máa kọ́kọ́ dé ilẹ̀.

2. Ẹ fi ọwọ́ lé e, kó fẹ̀ díẹ̀ ju èjìká lọ, kí àtẹ́lẹwọ́ wà ní ìpele ọmú, kì í ṣe ìpele ojú. Bó bá wà lókè níwájú ojú, èjìká ni gbogbo wàhálà náà á já lé.

3. Ẹ fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn títí ara yóò fi nà láti gìgísẹ̀ dé orí. Ẹ fún ìdí pọ̀, ẹ mú ikùn le bí ìgbà tí ẹ mọ̀ pé ẹnì kan fẹ́ gbá yín níkùn.

4. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 3. Ìgúnpá gbọ́dọ̀ máa lọ sẹ́yìn, kó má là síta tán, kí apá àti ara jọ ọfà, kì í ṣe àgbélébùú.

5. Ẹ jẹ́ kí àyà kan etí tábìlì, kì í ṣe ikùn, kì í ṣe àgbọ̀n. Ẹ dúró díẹ̀, ẹ wá ti ara yín padà, kí ẹ máa mí síta bí ẹ ṣe ń gòkè.

Ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ ni gíga tí ẹ ti lè ṣe 8 tó mọ́, àmọ́ tí 13 kò ṣeé ṣe. Ẹ ṣe sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, kí ẹ sinmi ìṣẹ́jú méjì láàárín wọn. Ìgbà tí ẹ bá ṣe 12 nínú sẹ́ẹ̀tì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ní ọjọ́ eré méjì tó tẹ̀ léra, ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí ipele tó kàn. Á padà di 7 tàbí 8, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Láti orí àtẹ̀gùn dé ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń há. Ọ̀nà àbáyọ ni sísọ̀ kalẹ̀ nìkan: ẹ bẹ̀rẹ̀ lókè pẹ̀lú ara tó nà, ẹ sọ̀ kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 5, ẹ kúnlẹ̀, ẹ ti ara dìde lórí eékún, ẹ tún na ẹsẹ̀. Márùn-ún, sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta. Iṣan lágbára nígbà tó bá ń sọ ẹrù kalẹ̀ ju ìgbà tó bá ń gbé e sókè lọ, ìdí nìyẹn tí ẹni tí kò lè gòkè fi lè kọ́ agbára rẹ̀ láti ìsọ̀kalẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọ̀kan á dìde. Ọ̀kan yẹn ló le, àwọn yòókù á máa tẹ̀ lé e.

Ẹni tí ọmú rẹ̀ tóbi á rí i pé ọmú ti kan ilẹ̀ kí apá tó tẹ̀ tán. Kì í ṣe ìrẹ́jẹ. Ẹ fi apá wọn ìjìnlẹ̀: bí apá láti èjìká dé ìgúnpá bá ti wà ní ìbú, tó bára dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀, ó ti tó. Bí ẹ bá fẹ́ kó jìn sí i, ẹ fi ọwọ́ lé orí búlọ́ọ̀kù méjì tó ga bákan náà. Búlọ́ọ̀kù oní-íǹṣì 6 tí ẹ tẹ́ sílẹ̀ ní ìbú á fún yín ní nǹkan bí 15 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ fi aṣọ ìnura bò ó kí ó má bó yín lọ́wọ́.

Nígbà tí push-up ilẹ̀ bá wá di ohun tí ẹ ń ṣe ní 12, 15, ẹ kó pure water mẹ́rin sínú báàgì ẹ̀yìn, ìyẹn kílò méjì, ẹ gbé e kọ́ ẹ̀yìn lókè níbi eegun èjìká. Lọ́sẹ̀ kejì, márùn-ún. Kò sí irinṣẹ́ jíìmù kankan tó ń fún ènìyàn ní ìdajì kílò lówó tó kéré tó bẹ́ẹ̀.

Títi irin láti orí ilẹ̀

Èyí ni mo máa ń kọ́kọ́ fún ẹni tí èjìká rẹ̀ máa ń ro ó, tàbí tí kò fẹ́ kí ọ̀pá kan ọmú òun. Ilẹ̀ á dá ìgúnpá dúró kí èjìká tó na jù, kò sì sí ọ̀pá tó lè há yín mọ́lẹ̀.

Ẹ jókòó sílẹ̀, ẹ gbé dumbbell (irin kúkúrú tí ọwọ́ kan ń dì mú) méjì tàbí kẹ́ẹ̀gì méjì lé itan. Ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, kí ẹ gbé wọn wá sókè àyà pọ̀ mọ́ ara yín. Ẹ ká eékún, kí àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ́ ilẹ̀. Ẹ na apá tán sókè àyà, kì í ṣe sókè ojú. Ẹ sọ̀ wọ́n kalẹ̀ jẹ́jẹ́ títí ẹ̀yìn apá á fi kan ilẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ìgúnpá gbá sìmẹ́ńtì. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ tì í padà. Bí ẹ bá ṣe tán, ẹ gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, ẹ má jù wọ́n.

Dumbbell kílò 3 sí 5 lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan tó fún ọ̀pọ̀ obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣe 8 sí 12. Bí ẹ bá dé 12 tí ẹ mọ̀ pé ẹ lè ṣe dé 20, ó ti fúyẹ́ jù. Dumbbell aláwọ̀ píńkì oní-kílò kan tí wọ́n ń fi ṣe 100 nígbà kan, òógùn ló ń mú jáde. Iṣan kò rí ìdí tó fi máa lágbára sí i.

Bench press

Ẹ kọ́kọ́ béèrè pé kílò mélòó ni ọ̀pá lófìfo. Ọ̀pá gígùn tó wọ́pọ̀ jẹ́ 20 kílò, ó sì nípọn ní nǹkan bíi mìlímítà 28. Ọ̀pá tí wọ́n ṣe fún ìdíje gbígbé irin ti obìnrin jẹ́ 15 kílò, ó nípọn ní mìlímítà 25, ó sì rọrùn fún ọwọ́ kékeré. Bí jíìmù yín bá ní in, òun ni kí ẹ mú. Bí ẹ bá ti lè fi dumbbell kílò 8 méjì ṣe 10 nílẹ̀, ọ̀pá 20 kílò kò ní borí yín.

Ẹ dùbúlẹ̀ kí ojú yín wà lábẹ́ ọ̀pá gan-an. Ẹ fa eegun ẹ̀yìn èjìká méjèèjì pọ̀, kí ẹ sì fà wọ́n lọ sísàlẹ̀ síhà ìdí. Àyà á dìde, ẹ̀yìn á tẹ̀ díẹ̀. Ibí yìí ni ìtìjú ti ń mú ọ̀pọ̀ obìnrin, wọ́n rò pé gbogbo ojú ló wà lára àyà wọn, wọ́n á wá tẹ́ ẹ̀yìn mọ́ bẹ́ńṣì pẹrẹsẹ. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Àyà tó dìde yẹn ló ń dáàbò bo èjìká. Ìdí nìkan ni kò gbọ́dọ̀ kúrò lórí bẹ́ńṣì. Bí ẹsẹ̀ kò bá tó ilẹ̀, bó ṣe máa ń rí fún ẹni tí kò ga, ẹ fi irin pẹrẹsẹ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ tó ń jù fìrìfìrì, ọ̀pá á máa yẹ̀ lókè.

Ẹ di ọ̀pá mú pẹ̀lú àtàǹpàkò tó yí i ká. Dídì í mú láìfi àtàǹpàkò yí i ká lè jẹ́ kó yọ̀ bọ́ sọ́rùn. Kí ọ̀pá jókòó sí ìsàlẹ̀ àtẹ́lẹwọ́, lókè ọrùn ọwọ́ gan-an, kó má ṣe wà lọ́dọ̀ ìka, torí ìyẹn ló ń tẹ ọrùn ọwọ́ sẹ́yìn tó sì ń dá ìrora sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí ẹni tó dúró tì yín bá yín gbé e kúrò lórí ìgbé rẹ̀, ìyẹn irin tó gbé e dúró. Nígbà tó bá ti dúró lókè èjìká, ẹ mí sínú, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́ sí ibi tí ìsàlẹ̀ ọmú ti bẹ̀rẹ̀, kí apá láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́ dúró ṣánṣán. Bí ọ̀pá bá kan ọmú, kó kàn án jẹ́jẹ́ bí ẹni fọwọ́ bà á. Ẹ má fi ọmú ta á padà sókè. Àṣìṣe tó burú jù níbí ni ti ẹni tó ń sá fún ọmú, tó wá ń sọ ọ̀pá kalẹ̀ síhà ọrùn. Ìgúnpá á là síta, iwájú èjìká á bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, á ní bench press kò bá òun lára mu. Ẹ ti ọ̀pá sókè kó sì tẹ̀ díẹ̀ síhà ojú. Ẹ mí síta. Bí ẹ bá fẹ́ dá a padà, ẹ na apá tán títí ọ̀pá á fi kan irin ìgbé, kí ẹ tó sọ̀ ọ́ sínú ihò rẹ̀. Ẹ má fojú wá ihò náà nígbà tí apá kò tíì nà.

Ẹ sọ fún ẹni tó dúró tì yín pé mélòó ni ẹ fẹ́ ṣe, àti pé kó má fọwọ́ kan ọ̀pá àfi tó bá dúró sójú kan. Bí kò bá wù yín kí ọkùnrin dúró lókè orí yín, ẹ pe obìnrin mìíràn. Ọ̀pá 25 kílò, ẹnikẹ́ni lè bá yín gbé e kúrò. Bí irin ààbò bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ńṣì, ẹ gbé e sí gíga tó rẹlẹ̀ díẹ̀ ju àyà tó dìde lọ: bí agbára bá tán, ẹ tẹ àyà sílẹ̀, irin á gbà á. Bí méjèèjì kò bá sí, ẹ má fi ìdè sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá, kí ẹ lè dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí irin yọ bọ́. Èyí tó sàn jù nígbà náà ni kí ẹ padà sí dumbbell lọ́jọ́ yẹn.

Bí ìwọ̀n ṣe ń pọ̀ sí i

Ibí yìí ni ètò tí wọ́n ṣe fún ọkùnrin ti ń já obìnrin kulẹ̀. Ọkùnrin tó ń gbé 80 kílò tó fi 5 kún un, kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Obìnrin tó ń gbé 20 tó fi 5 kún un, ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ ló fi kún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Láti dumbbell 5 sí 7 àbọ̀, ìdajì ni. Bí kò bá gòkè, kì í ṣe àìlera. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: ẹ wá irin kílò 1.25 méjì, kí 20 di 22.5, bí ẹ bá rí ti ìdajì kílò, ẹ ṣọ́ ọ bí ojú. Níbi tí kò bá sí, iye ni kí ẹ kọ́kọ́ fi kún. Láti 8 dé 12, kódà dé 15, kí ẹ tó bọ́ sí ìwọ̀n tó kàn. Ẹ tún lè fi ìdúró ìṣẹ́jú àáyá méjì sísàlẹ̀, ìwọ̀n kan náà á dà bíi pé ó wúwo sí i.

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ló tó, bíi Mọ́ńdè àti Tọ́sìdè. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà, nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2020, ní kí àgbàlagbà ṣe eré tó ń fún iṣan lágbára, tó kan gbogbo iṣan ńláńlá ara, ní ọjọ́ méjì ó kéré tán lọ́sẹ̀. Àyà wà nínú gbogbo. Lọ́jọ́ kìíní, push-up sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta. Lọ́jọ́ kejì, títi irin nílẹ̀ tàbí bench press sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta. Ẹ dá sẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan dúró nígbà tó bá ku bí ọ̀kan tàbí méjì kí agbára tán, kì í ṣe ìgbà tí ara bá ti ń gbọ̀n.

Fún sẹ́ẹ̀tì títì kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣe sẹ́ẹ̀tì fífà kan. Ẹ fi ọwọ́ kan ti bẹ́ẹ̀dì, ẹ tẹ̀ ba, kí ọwọ́ kejì fa kẹ́ẹ̀gì láti ilẹ̀ wá sí ìhà, 10 lápá kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń kọ́ àyà láìkọ́ ẹ̀yìn, èjìká rẹ̀ á máa ká wá síwájú, pàápàá ẹni tó ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà látàárọ̀.

Ohun tó máa ń bàjẹ́

Bí ìbàdí bá ń rì nínú push-up, ikùn ló ti rẹ̀, ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn á sì ro yín lọ́la. Ẹ gbé ọwọ́ ga sí ipele kan. Bí ọrùn bá ń na síwájú bíi pé ẹ fẹ́ fi imú kan ilẹ̀, ẹ wo ibi kan nílẹ̀ níwájú ọwọ́, kí ẹ má yọjú kúrò níbẹ̀. Bí ọrùn ọwọ́ bá ń ro yín, ẹ di dumbbell tí kì í yí mú nílẹ̀, kí ẹ ṣe push-up lórí rẹ̀, ọwọ́ á dúró gbọnrangandan. Bí ẹ bá ń di èémí mú títí òòyì fi ń kọ́ yín, ẹ máa ka iye náà sókè. Ẹni tó ń kà á sókè kò lè di èémí mú. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọ́dọ̀ fojú di èyí.

Ara á ro yín lọ́jọ́ kejì sí ìkẹta lẹ́yìn ìbẹ̀rẹ̀, á sì dà bíi pé inú ọmú ló ń dùn yín. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ ara wọn níwájú àyà: bí ìrora náà bá jáde lọ́tùn-ún àti lósì, iṣan ni, á lọ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Kókó tí ẹ fọwọ́ bà nínú ọmú, omi tàbí ẹ̀jẹ̀ tó ń ti orí ọmú jáde, tàbí awọ tó ń wọnú, èyí kì í ṣe ti eré ìdárayá. Ẹ lọ sílé ìwòsàn. Ìrora àyà tó ń fún yín lọ́rùn, tó ń lọ sí apá òsì tàbí àgbọ̀n, tí èémí kò délẹ̀, ẹ má dúró dọ̀la.

Ní ọjọ́ tí nǹkan oṣù bá súnmọ́ tí ọmú sì ń dùn yín, ẹ fi ọ̀pá sílẹ̀, ẹ ṣe ti dumbbell orí ilẹ̀. Kò sí ohun tó máa kan ọmú níbẹ̀.

Aboyún, ìyá ìkókó, àti ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún

Aboyún tó ti ń gbé irin kí ó tó lóyún lè máa bá a lọ bí dókítà rẹ̀ bá gbà. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 16, kó má fẹ̀yìn lélẹ̀ pẹrẹsẹ fún ìgbà pípẹ́, torí ilé ọmọ lè tẹ iṣan tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sọ́kàn. Bẹ́ńṣì tí wọ́n gbé orí rẹ̀ sókè, tàbí push-up lára ògiri àti tábìlì, ló dára fún un.

Lẹ́yìn ìbímọ, ẹ dúró kí wọ́n yẹ̀ yín wò nílé ìwòsàn, ó máa ń jẹ́ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ gbé ọmọ jáde, ó lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ padà sára ògiri, ì báà ti ilẹ̀ ni ẹ ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ẹ wo ikùn: bí àárín rẹ̀ bá ń yọ sókè gọn-ọn bí ẹ ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ó tumọ̀ sí pé iṣan ikùn tó là kò tíì padà, ẹ má tíì sọ̀ kalẹ̀ sí ipele tó kàn. Bí ìtọ̀ bá ń jò, ohun kan náà. Eré ìdárayá ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì kì í dín omi ọmú kù. Kí ẹ kàn fún ọmọ lọ́mú kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ọmú tó kún máa ń dun ènìyàn bí ẹ bá dùbúlẹ̀.

Ẹni tí wọ́n fi nǹkan sínú ọmú rẹ̀, kó béèrè lọ́wọ́ oníṣẹ́ abẹ bóyá abẹ́ iṣan àyà ni wọ́n fi í sí. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ìgbà tó lè padà sí títi irin á yàtọ̀, dókítà yẹn ló sì máa dá ọjọ́.

Àwọn tí wọ́n gé ọmú fún nítorí jẹjẹrẹ máa ń gbọ́ pé kí wọ́n má tún fi apá yẹn gbé nǹkan mọ́ láéláé, kí ó má baà wú. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, tó jáde lọ́dún 2009, fi hàn pé gbígbé irin tí wọ́n ń fi kún díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ àmójútó kò mú wíwú náà le sí i. Ẹ gba àṣẹ lọ́dọ̀ dókítà, ẹ bẹ̀rẹ̀ lára ògiri tàbí pẹ̀lú ìdajì kílò, pure water kan lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ti fún yín ní ìbọ̀wọ́ tó ń fún apá, ẹ wọ̀ ọ́ nígbà tí ẹ bá ń ṣe é. Ẹ máa fi téèpù wọn apá méjèèjì lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, lókè ìgúnpá àti nísàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí èyí tó wà níhà tí wọ́n gé bá ń tóbi sí i, tàbí tó ń wúwo tó sì ń gbóná, ẹ dúró, kí ẹ mú ìwé ìwọ̀n náà lọ bá dókítà.